Ẹ̀rí Inú Ẹ̀jẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yọ DNA, Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ Ọ́ Di Púpọ̀, Bí Wọ́n Ṣe Ń Rí I

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn kan nínú wa sọ níbi àpéjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àpéjọ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní rárá o, DNA ni àwọn fẹ́ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní kíláàsì, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé yíya àwòrán aláǹgbá nìkan ni mo mọ̀ dáadáa nínú bàọ́lọ́jì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀ròyìn, iṣẹ́ ìbéèrè ni. Ẹni tí ó bá bi ọ̀nà, kì í ṣìnà. Mo ti bá àwọn òṣìṣẹ́ lábù jókòó, mo ti wo ọwọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti rí i pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò jìnnà sí ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní ilé ìdáná.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá? Ọ̀rọ̀ DNA ti kúrò ní lábù. Ó ti dé ilé ẹjọ́, ó ti dé ilé ìjọsìn, ó ti dé orí rédíò, ó sì ti dé àárín lọ́kọláya. Lónìí, bébà kan láti lábù lè so ìgbéyàwó, ó lè tú u. Ohun tí ó lágbára tó báyìí, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

KÍ NI A Ń WÁ?

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni ìwé kan wà tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ: A, C, G, T. Lẹ́tà inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ bàbá, bílíọ̀nù mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìwé náà ni DNA. Nínú gbogbo lẹ́tà wọ̀nyẹn, ẹyọ kan ṣoṣo tí ó bá yí padà tó láti da ilé rú.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí a ń pè ní síkúsẹ̀ẹ̀lì. Níbi tí DNA ti ń júwe èròjà pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ó jẹ́ GAG. Ní ara ẹni tí ó ní S, GTG ni wọ́n kọ síbẹ̀. A kan di T, ó parí. Ní ọdún 1957 ni Vernon Ingram fi hàn ní Cambridge pé ìyàtọ̀ inú èròjà pupa náà kò ju ẹyọ kan lọ. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni ó ń sọ sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó rí róbótó di ohun tí ó tẹ̀ bí dòjé, tí ó ń dí iṣan, tí ó ń mú kí egungun ọmọ máa ro ó lóru.

Ní Nàìjíríà, bí a bá ka ènìyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ní AS. Ẹ wo tábìlì tí ẹ jókòó tì. Bí AS bá fẹ́ AS, ní oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS. Mo ní ní oyún kọ̀ọ̀kan o! Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da owó ẹyọ náà sókè lọ́tun.

Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí àwọn orúkọ bíi Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni SS. Ibà àti ìgbóná náà pa ọmọ púpọ̀ láyé ijọ́un. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé nínú àwọn òbí tí wọ́n bẹ ọmọ pẹ̀lú orúkọ wọ̀nyẹn, a ó rí àwọn tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá jà.

YÍYỌ RẸ̀: IṢẸ́ ONÍGÌ

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ níbi tí lábù ti ń bẹ̀rẹ̀. DNA kò dá dúró nínú ẹ̀jẹ̀. Ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rá sì yí sẹ́ẹ̀lì ká, purotéènì sì wé mọ́ DNA bí ewé ṣe ń wé mọ́ ẹ̀kọ. Wọ́n ní láti tú u sílẹ̀, kí wọ́n sì ya ìdọ̀tí kúrò.

Ṣebí gbogbo wa ló ti rí ìyá wa níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, eérí á kù sókè, ògì á rọlẹ̀, wọ́n á da omi rẹ̀ nù. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún DNA náà nìyẹn. Kí ni í pa ọ̀rá? Ọṣẹ ni. Nítorí náà irú ọṣẹ kan ni wọ́n ń dà sí i kí ara sẹ́ẹ̀lì lè tú. Wọ́n á wá fi ẹ́ńsáìmù kan sí i tí yóò jẹ purotéènì run. Lẹ́yìn náà ni iyọ̀, lẹ́yìn náà ni ọtí líle tútù. Inú omi ni DNA ti ń yọ́. Bí ó bá pàdé ọtí pẹ̀lú iyọ̀, kíá ni yóò dì pọ̀ bí òwú funfun. (Mo mọ àwọn kan nínú wa tí ọtí kì í dì wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣe ni ó ń tú wọn ká. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.) Wọ́n á fi ẹ̀rọ pòòyì rẹ̀ kí òwú náà lè rọlẹ̀ sí ìdí ìgò, wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á sì da omi mímọ́ díẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè ṣe èyí fún àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, iyọ̀, asẹ́, àti sípíríìtì tí a ti gbé sínú fíríìjì. Ẹ gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ẹ pò ó pẹ̀lú omi ọṣẹ oníyọ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ rọra da sípíríìtì lé e lórí. Ohun funfun tí yóò léfòó bí okùn, DNA wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá rí i lójú ara rẹ̀ kò ní gbàgbé mọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó yọ ọ́ ni Friedrich Miescher, ní Tübingen ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1869. Ẹ mọ ibi tí ó ti rí i? Nínú ọyún egbò, lára báńdéèjì tí ilé ìwòsàn fẹ́ dà nù. Sẹ́ẹ̀lì funfun ló kún inú ọyún, inú sẹ́ẹ̀lì funfun náà ni wọ́n sì ti ń yọ DNA nínú ẹ̀jẹ̀ wa títí di òní, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa àgbàlagbà kò ní DNA nínú.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ lábù ti kúrò lórí ọ̀nà àtijọ́ tí ó ń lo kẹ́míkà olóró. Wọ́n ń lo asẹ́ tíńtín kan tí a fi ohun tí ó jọ yanrìn dídán ṣe. DNA á lẹ̀ mọ́ ọn, ìdọ̀tí á ṣàn kọjá, wọ́n á wá fi omi díẹ̀ yọ ọ́ kúrò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó.

Ẹ má rò pé ìmọ́tótó yìí jẹ́ àṣejù. Àwọ̀ pupa inú ẹ̀jẹ̀, bí ó bá kù síbẹ̀, ó lè ba ìpele tí ó tẹ̀lé e jẹ́. Oògùn heparin tí wọ́n ń fi sínú àwọn ìgò kan kí ẹ̀jẹ̀ má dì, òun náà lè bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lo ìgò olórí àwọ̀ àlùkò fún àyẹ̀wò DNA. Bí ògì bá kún fún eérí, ẹ̀kọ rẹ̀ kò ní dì.

SÍSỌ Ọ́ DI PÚPỌ̀: ỌKÀN DI MÉJÌ, MÉJÌ DI MẸ́RIN

Ìṣòro tí ó kù ni pé DNA tí a yọ kéré, lẹ́tà tí a sì ń wá sọnù sínú bílíọ̀nù lẹ́tà. Ó dà bí ìgbà tí a ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkìtì yangí. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kary Mullis, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Cetus ní Kalifọ́níà, ló ro ojútùú rẹ̀ ní ọdún 1983, lóru, níbi tí ó ti ń wa mọ́tò lọ. Ó ní: bí abẹ́rẹ́ bá ṣòroó rí, ẹ jẹ́ kí á sọ abẹ́rẹ́ di púpọ̀ títí yóò fi ju yangí lọ. Ohun tí ó gbé jáde ni wọ́n ń pè ní PCR. Ní ọdún 1993, ó gba ẹ̀bùn Nobel ti Kẹ́mísìrì, òun pẹ̀lú Michael Smith.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. DNA jẹ́ okùn méjì tí ó lọ́ mọ́ra. Ẹ gbé e lọ sí dígírì 95, okùn méjèèjì á tú. Ẹ mú un wálẹ̀ sí bíi dígírì 55, àwọn okùn kúkúrú méjì tí lábù ti pèsè, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 20 lẹ́tà lọ, á lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí a ń wá. Àwọn ni atọ́nà, wọ́n ń sọ pé “láti ibí dé ibí ni kí ẹ kọ.” Ẹ gbé e dé dígírì 72, ẹ́ńsáìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í da ìwé kọ. Ẹyọ kan ti di méjì. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀: méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìgbà 10, ó di 1,024. Lẹ́yìn ìgbà 20, ó di 1,048,576. Lẹ́yìn ìgbà 30, bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan. Láàárín wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, bílíọ̀nù kan!

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyà ńlá ni. Ooru dígírì 95 ń pa ẹ́ńsáìmù náà, wọ́n sì ní láti máa dá òmíràn sí i ní gbogbo ìyípo, bí ẹni tí ń ta iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìdúró. Kòkòrò kan ló gbà wọ́n. Ní ọdún 1966, Thomas Brock àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Hudson Freeze rí kòkòrò tí kò ṣeé fi ojú rí nínú omi gbígbóná ní Yellowstone ní Amẹ́ríkà, omi tí ó gbóná tó nǹkan bí dígírì 70. Wọ́n sọ ọ́ ní Thermus aquaticus. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé yóò wúlò. Nígbà tí ó yá, inú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ẹ́ńsáìmù tí iná kì í pa, Taq. Láti ọdún 1988 tí wọ́n ti tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ lásán ti lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi àwọn onímọ̀ pé “kí ni èyí tí ẹ ń wò nínú omi yìí fẹ́ dà?”, ẹ rọra o.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tí ó dùn mọ́ mi jù. Ìròyìn àkọ́kọ́ nípa PCR tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé Science, ní oṣù kejìlá ọdún 1985, kí ni wọ́n fi dán an wò? Síkúsẹ̀ẹ̀lì ni! Àìsàn tiwa gan-an ni wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn náà.

RÍRÍ I: ERÉ SÍSÁ NÍNÚ Ẹ̀KỌ

A ti ní bílíọ̀nù kan, ojú lásán kò tíì rí i. Báwo ni a ó ṣe ka lẹ́tà kan ṣoṣo?

Àwọn ẹ́ńsáìmù kan wà tí ó dà bí àlùmọ́gàjí. Ibi tí wọ́n bá ti rí àkọsílẹ̀ tiwọn nìkan ni wọ́n ti ń gé. Ọ̀kan tí ń jẹ́ DdeI máa ń gé ibi tí A ti wà ní ipò tí ó yẹ. Bí A bá ti di T, bíi ti S, kò ní rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò sì ní gé e.

Wọ́n á wá da DNA náà sínú ihò kékeré lára ohun dídì kan tí ó rí bí ẹ̀kọ tútù, tí wọ́n ń ṣe láti inú ewéko òkun. Wọ́n á tan iná sí i. DNA máa ń sá lọ sí apá pósítíìfù. Èyí tí ó kúrú á sá jìnnà, èyí tí ó gùn á wọ́ lẹ́yìn bí àgbà nínú eré ìje. Wọ́n á fi aró kan tí ń tàn kùn ún, wọ́n á tan iná aláwọ̀ ẹlẹ́sèé lù àlùkò sí i, ìlà á yọ.

Ẹ kà á báyìí: bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí a gé nìkan ló yọ, AA ni. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tí a kò gé nìkan ló yọ, SS ni. Bí méjèèjì bá yọ, AS ni. Ó rọrùn, àbí?

Ẹ dúró ná. Àwa ènìyàn apá ibí tún ní C. Ibi kan náà ni àyípadà C wà, ṣùgbọ́n GAG di AAG níbẹ̀, àlùmọ́gàjí DdeI sì ṣì ń gé e. Nítorí náà, lójú àyẹ̀wò yìí, C jọ A. Ẹni tí ó jẹ́ AC lè gba bébà AA, kó lọ fẹ́ AS, kí wọ́n sì bí ọmọ SC tí yóò máa ṣàìsàn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: ìbéèrè tí a bá bi àyẹ̀wò nìkan ni yóò dáhùn. Lábù tí ó mọṣẹ́ á fi ọ̀nà mìíràn wá C lọ́tọ̀.

Lónìí, àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ka DNA bí ó ṣe ń pọ̀ sí i, láìsí ẹ̀kọ kankan. Irú wọn ni a fi ṣe àyẹ̀wò Kòrónà. Kòkòrò yẹn, RNA ló ń lò, wọ́n á kọ́kọ́ yí i padà sí DNA kí PCR tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì má gbàgbé pé ní oṣù kẹta ọdún 2020, lábù Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ní Redeemer's University ní Ẹdẹ ka gbogbo lẹ́tà kòkòrò náà láàárín ọjọ́ díẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹdẹ tiwa yìí o!

ÈYÍ TÍ Ó KÀN WÁ JÙ

Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe, ibí ni mo ń bọ̀.

Jẹnótáìpù tí ọ̀pọ̀ wa ṣe kí á tó gbéyàwó, kì í ṣe DNA ni wọ́n wò. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi iná lé sáré. Kò wọ́n, ó sì dára bí ọwọ́ tí ń ṣe é bá dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí ènìyàn lára láìpẹ́, ó lè ṣi èsì náà. Bí wọ́n bá lẹ orúkọ mọ́ ìgò tí kì í ṣe tirẹ̀, ó parí.

Nídìí iṣẹ́ mi, mo bá ìyá ọmọ kan pàdé tí ó jẹ́ AS. Bébà ọkọ rẹ̀ ní AA. Ọmọ wọn kò tíì pé ọdún kan tí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, tí kò yéé ké. Wọ́n ṣàyẹ̀wò, SS ni. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ jókòó, wọ́n ní AA àti AS kì í bí SS. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Wọ́n wá bi í pé: “Ta ló ni ọmọ?” Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ ń ro. Oṣù mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Dókítà kan ló ní kí ọkọ wá ṣe jẹnótáìpù rẹ̀ lọ́tun, ní lábù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Méjèèjì ní AS. Ẹ̀sùn wó lulẹ̀. Mi ò ní dárúkọ lábù tí ó kọ́kọ́ kọ AA. Ó ti kógbá wọlé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá oṣù mẹ́rin yẹn padà fún obìnrin náà? Àbí ta ni yóò gbàgbé ohun tí wọ́n sọ sí i?

Ẹ̀yin ọkùnrin, kí á tó bi ìyàwó ní ìbéèrè, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi bébà.

PCR náà ní àléébù tirẹ̀. Ohun tí ó lè sọ ẹyọ kan di bílíọ̀nù, bí ìdọ̀tí ẹyọ kan bá bọ́ sínú rẹ̀, yóò sọ ìdọ̀tí náà di bílíọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí lábù gidi fi máa ń ya yàrá sọ́tọ̀, tí wọ́n sì máa ń ṣe ìgò kan tí omi lásán wà nínú rẹ̀. Bí ìlà bá yọ nínú ìgò olómi lásán yẹn, ẹ̀rí ọjọ́ náà ti bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n dànù.

Nítorí náà, ẹ mú ìbéèrè márùn-ún yìí lọ sílé. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé ojú mi ni ẹ ti kọ orúkọ mi sára ìgò? Ọ̀nà wo ni ẹ fi ṣe é? Ṣé ó lè rí C? Kí ni ìgò olómi lásán yín sọ? Lábù kejì wo ni mo lè lọ? Ẹ sì sọ fún wọn bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láàárín oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹ má sì rò pé ìyapa nìkan ni DNA ń mú wá. Ní ọdún 1984, Alec Jeffreys rí ìka-ọwọ́ DNA ní Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ó fún, ní ọdún 1985, ti ọmọ kan ni tí ó lọ sí Gáńà tí ó sì padà dé, tí àwọn aṣọ́bodè ní kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. DNA ní ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n jẹ́ kí ó máa gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó ṣe: ó so ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ.

Ní òpin ọdún 2023, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tí ń tún DNA ṣe fún àwọn tí ó ní síkúsẹ̀ẹ̀lì. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. A dúpẹ́ pé ó wà. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí ó péye, tí a tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì kí ìfẹ́ tó wọ egungun, ìyẹn ni ọwọ́ tiwa tó.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ wa pé kí á má gba ìdáhùn láìrí iṣẹ́ tí ó bí i. “Ẹ fi iṣẹ́ yín hàn” ni ẹ máa ń kọ sí eteetí ìwé wa pẹ̀lú bírò pupa. Ohun kan náà ni mo ní kí á máa sọ fún lábù. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilé-ìwé lónìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ DNA ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Nígbà tí wọ́n bá di ọkọ àti aya, wọn kò ní bẹ̀rù bébà, wọn kò sì ní sọ ọ́ di òrìṣà.

  A ó tún pàdé lọ́dún tí ń bọ̀ láṣẹ Èdùmàrè, a kò ní dín, a ó máa pọ̀ sí i ni, bí DNA nínú ẹ̀rọ.